Elégédé wo ló yẹ kẹ́ ẹ yan nígbà ìwọ́wé: butternut, delicata, acorn àbí kabocha?

Tí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ báyìí, ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti London mọ bó ṣe máa ń rí, iwájú gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì á kún fún elégédé oríṣiríṣi, onílà, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, èyí tó lọ́rùn àtèyí tó rí rìbìtì, èèyàn á dúró síwájú wọn, á wò wọ́n títí, á sì kọjá lọ síbi tí wọ́n kó ìrẹsì sí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i. Torí elégédé yíyan wà lára ohun tó rọrùn jù lọ téèyàn lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran lásìkò yìí: ẹ gé e, ẹ fi òróró àti iyọ̀ ra á lára, ẹ tì í sínú oven tó gbóná gan-an, ó parí. Ibi tí wàhálà wà ni pé tẹ́ ẹ bá lọ gbé èyí tí ò bá yín mu, ẹ máa bá ọ̀bẹ jà títí ó fi máa sú yín, ẹ ò sì ní fẹ́ rà á mọ́.

Kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú elégédé tá a mọ̀ nílé, èyí tá a ń fi ewé ẹ̀ se ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún tí wọ́n ti ń gbìn ín ní Mexico, àwọn Haudenosaunee tó wà níbi tá à ń pè ní New York lónìí sì ń gbìn ín pa pọ̀ mọ́ àgbàdo àti ẹ̀wà kí òyìnbó tó dé rárá. Láti ìparí ìgbà ooru wọ ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń kórè ẹ̀, èèpo líle tó ní ló ń jẹ́ kó lè wà nílẹ̀ wọnú òtútù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: èèpo ni kẹ́ ẹ fi mú elégédé, ẹ má fi adùn mú un. Gbogbo èèyàn ló ń béèrè pé èwo ló dùn jù, bẹ́ẹ̀ oven gbígbóná máa mú adùn jáde lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, èèpo ló máa sọ bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ máa lò ní ìdáná tàbí wákàtí kan àtààbọ̀.

Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí mo wò lára ìkọ̀ọ̀kan wọn ni bóyá ẹ gbọ́dọ̀ bó o, bóyá ẹ lè jẹ ẹ́ tèèpotèèpo, tàbí bóyá ẹ máa fi ṣíbí wa inú ẹ̀ tó bá jinná. Ìkejì ni àkókò tó máa lò nínú oven, ó sì ṣe pàtàkì gan-an fẹ́ni tó ní oven kan ṣoṣo lọ́jọ́ Thanksgiving, ìyẹn ọjọ́ ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, torí 325°F ni ọ̀pọ̀ ń lò fún tòlótòló, elégédé ń fẹ́ 400 sí 425, wọn ò lè jọ wọlé kí méjèèjì dáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti yọ tòlótòló jáde, ó yẹ kó sinmi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gé e, elégédé tó bá lè jinná láàárín ìgbà yẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ náà fún yín. Mo tún wo bí inú ẹ̀ ṣe rí, ṣó gbẹ àbí ó lómi. Mo wo owó: ìwọ̀n ni wọ́n sábà fi ń tà á, ṣùgbọ́n èèpo àti hóró wà nínú ohun tí wọ́n wọ̀n fún yín, èyí tówó ẹ̀ kéré tẹ́ ẹ wá da èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ sí garawa ìdọ̀tí lè má kéré mọ́. Mo sì wo bó ṣe máa pẹ́ tó nílé kó tó bàjẹ́.

Fahrenheit ni gbogbo ooru tí mo máa dárúkọ. Ẹ̀yin ará ìlú ọba, 400 jẹ́ nǹkan bí 200°C, 425 jẹ́ nǹkan bí 220°C, tí oven yín bá ní fáànù kẹ́ ẹ dín 20 kúrò nínú ti Celsius yẹn.

Butternut

Òun lẹ máa rí jù níbi gbogbo, ní ìlú ọba òun ni súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà jálẹ̀ ọdún, owó ẹ̀ sì sábà máa ń rọrùn. Ó lọ́rùn gígùn, ìdí ẹ̀ ló yọ rìbìtì. Ọrùn yẹn ni kẹ́ ẹ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, torí inú ìdí nìkan ni hóró wà, kò sí nǹkan míì nínú ọrùn àfi ohun jíjẹ, èyí tọ́rùn ẹ̀ gùn tó sì sanra tí ìdí ẹ̀ kéré lẹ máa rí jẹ jù. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ ewé lára èèpo ẹ̀, kò tíì gbó, ẹ fi í sílẹ̀.

Bíbó ni ìṣòro ẹ̀. Peeler tó mú lè bó o, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà lẹ́ẹ̀kan, torí lábẹ́ èèpo àkọ́kọ́ ẹ máa rí ìlà funfun kan tó fẹ́ jọ ewé, ó le, ẹ máa bó o lọ títí á fi kan àwọ̀ ọsàn tó wà nínú. Omi tó ń jáde lára ẹ̀ sì máa ń gbẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ á le, ti ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń bó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Tẹ́ ẹ bá bó o tán, ẹ gé ọrùn kúrò lára ìdí, ẹ gbé ojú tó tẹ́jú kalẹ̀ lórí pákó, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ sábẹ́ pákó náà kó má bàa máa yọ̀, kẹ́ ẹ wá gé gbogbo ẹ̀ ní ínṣì kan ínṣì kan. 425°F, 30 sí 35 ìṣẹ́jú, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan láàárín.

Tí bíbó bá ni yín lára, ọ̀nà kan wà tó dáa gan-an: ẹ là á sí méjì látọrùn dé ìdí, ẹ wa hóró kúrò, ẹ fi òróró pa ojú ẹ̀, ẹ da ojú yẹn bolẹ̀ lórí tíréè, 400°F, 45 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Èèpo á rọ̀, ẹ máa fi ṣíbí wa inú ẹ̀ láìjà. Ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù ni àwọn ẹ̀gbẹ́ tó pọ́n tó sì gan díẹ̀, torí rírọ̀ ló máa rọ̀, ẹ máa gún un pẹ̀lú bọ́tà àti iyọ̀ ni. Ìyẹn náà dùn, àwọn ọmọdé àtàwọn àgbà tí eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu wọn mọ́ máa ń fẹ́ràn ẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti bó tí wọ́n ti gé sínú ike ńkọ́? Owó ẹ̀ máa ń ga ju odindi lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje alẹ́ tó rà á ò jẹ̀bi rárá. Èyí tó wà nínú fíríìsà ni mi ò gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ yan, omi dídì pọ̀ lára ẹ̀, kì í fẹ́ pọ́n, ọbẹ̀ ló dáa fún.

Ó lè wà nílẹ̀ fún oṣù 2 sí 3 níbi tó gbẹ tó sì tutù díẹ̀, bíi 50 sí 55°F. Ẹ má gbé odindi ẹ̀ sínú fíríìjì o, òtútù tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 50 máa ń bà á jẹ́ láti inú.

Àbúrò kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní Honeynut, ó kéré débi pé ìdajì lè tó ẹnì kan. Dan Barber, ọ̀gá ìdáná ilé oúnjẹ Blue Hill ní New York, ló bi Michael Mazourek tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ irúgbìn ní Yunifásítì Cornell ní 2009 pé ṣé kò lè mú butternut tó kéré tó sì dùn jáde, ohun tó ti ibẹ̀ jáde nìyẹn. Èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ lè jẹ ẹ́, aláwọ̀ ewé ni kó tó gbó, tó bá gbó á di àwọ̀ ọsàn, ojú lásán lẹ fi máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa mú. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jà àwọn àgbẹ̀, ẹ rà á.

Delicata

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, òun ni mo máa mú. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ ẹ̀ funfun pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ewé, èèpo ẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé tó bá jinná ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ń jẹ èèpo. Kò sí bíbó, kò sí ìjà. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gé orí àti ìdí ẹ̀ kúrò, ẹ là á sí méjì gbọọrọ, ẹ fi ṣíbí ha hóró jáde, ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀ kẹ́ ẹ sì gé e wẹ́wẹ́ ní ìdajì ínṣì, ẹ máa rí i tó máa rí bí ààbọ̀ òṣùpá. 425°F, 20 sí 25 ìṣẹ́jú, ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé tòlótòló yín ò tíì sinmi tán tí elégédé ti jinná. Adùn ẹ̀ ò pọ̀ lápọ̀jù, ó sún mọ́ ti ọ̀dùnkún, inú ẹ̀ ò gbẹ kò sì lómi.

Àléébù ẹ̀ mẹ́ta ni mo mọ̀. Owó ẹ̀ sábà máa ń ju ti butternut lọ lórí ìwọ̀n kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò ní da èèpo nù, ìyẹn máa ń dín in kù díẹ̀. Ìkejì, ó kéré, ẹyọ kan ò ju ohun tó máa tó èèyàn méjì lọ, tẹ́ ẹ bá ń reti àlejò mẹ́wàá ẹ máa ra bíi márùn-ún, tíréè méjì lẹ sì máa lò. Ìkẹta, èèpo fẹ́lẹ́ yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kó pẹ́, ó rọrùn láti họ, ó sì ń yára bàjẹ́, torí ẹ̀ àti àrùn ewé tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àwọn ọlọ́jà ò ṣe kà á kún fún ìgbà pípẹ́ kí àwọn Cornell yìí náà tó mú irú kan jáde tó lágbára ju àrùn yẹn lọ, tó gba àmì-ẹ̀yẹ irúgbìn tí wọ́n ń pè ní All-America Selections ní 2002. Ẹ rà á lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ tàbí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ẹ̀. Ní ìlú ọba kò rọrùn láti rí, ẹ wá a lọ́jà àwọn àgbẹ̀.

Acorn

Èyí kékeré tó dúdú bí ewé tí ara ẹ̀ pín sí kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn ni. Ẹ má gbìyànjú láti bó o, àwọn kòtò tó wà lára ẹ̀ ò ní gba peeler. Ẹ là á sí méjì, ẹ wa hóró, ẹ da ojú bolẹ̀ ní 400°F fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá yí i sókè, ẹ fi bọ́tà àti ṣúgà pupa tàbí maple syrup sínú kòtò àárín ẹ̀, kẹ́ ẹ dá a padà fún 15 sí 20 ìṣẹ́jú. Ó rẹwà lójú, ìdajì ìdajì lẹ máa gbé fún oníkálukú bí àwo, ẹ sì lè di ìrẹsì tàbí ẹran lílọ̀ sínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, nínú gbogbo wọn òun ni adùn ẹ̀ kéré, bọ́tà àti ṣúgà yẹn ló ń gbé e. Ó ń pẹ́ nínú oven, hóró àti èèpo tẹ́ ẹ máa dà nù pọ̀, ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 péré ló sì lè wà nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń rà á, àmì àwọ̀ ọsàn kan tó wà níbi tó fi sùn sílẹ̀ nínú oko kì í ṣe nǹkan, ìyẹn tiẹ̀ ń fi hàn pé ó gbó, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ọsàn bá ti gba gbogbo ara ẹ̀, ó ti gbó jù, inú ẹ̀ á ti ní okùn.

Kabocha àtàwọn tó bá a tan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn iṣu sísun, ẹ bọ́ síbí. Kabocha tí àwọn ará Japan fẹ́ràn gan-an yìí rìbìtì, aláwọ̀ ewé dúdú, inú ẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó gbẹ, ó dì, ó sì dùn, ẹ máa mọ̀ pé ẹ jẹun. Ẹ gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ínṣì kan, 400°F, 30 ìṣẹ́jú, òróró ẹ̀ kó pọ̀ díẹ̀ torí gbígbẹ ẹ̀. Èèpo ẹ̀ ṣeé jẹ tó bá jinná, ó máa ń rọ̀.

Kó tó jinná ló le. Èèpo yẹn le débi pé ọ̀bẹ lè yọ̀ kó bọ́ sí yín lọ́wọ́, mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín, mo ń sọ ọ́ torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ ṣèṣe nítorí oúnjẹ. Ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ gún un níhò mélòó kan, ẹ gbé odindi ẹ̀ sínú máíkírówéèfù fún ìṣẹ́jú 3 sí 4, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ọ̀bẹ á wọlé. Ẹ má gbàgbé ihò yẹn o, bí kò bá sí ọ̀nà tí ooru máa gbà jáde ó lè bú.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ò tíì dùn. Ó ní láti wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ohun tó ń jẹ́ kó le nínú tó di ṣúgà, torí náà èyí tẹ́ ẹ rà lóṣù kẹwàá máa dùn sí i tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ dé Thanksgiving ti Amẹ́ríkà lóṣù kọkànlá. Ẹ wo ìdí igi orí ẹ̀, kó ti gbẹ kó sì le.

Ní ìlú ọba, ẹ wá Crown Prince, èyí tí èèpo ẹ̀ rí bí eérú tó ní búlúù díẹ̀, àwọn tó ń dáko sí allotment, ìyẹn oko kékeré tí wọ́n háyà, fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, inú ẹ̀ sún mọ́ ti kabocha, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Uchiki Kuri, kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ṣe bí àlùbọ́sà ńlá, èèpo ẹ̀ rọ̀ ju ti kabocha lọ, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ẹni tó ń gbé nìkan.

Tẹ́ ẹ bá ń gbé nítòsí ìsọ̀ àwọn ará Karibíánì tàbí ti àwọn tó ń sọ Spanish ní Amẹ́ríkà, ẹ máa rí calabaza, èyí tó jọ elégédé ilé wa jù, wọ́n ti gé e ní ègé ńláńlá, ẹ lè ra ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fẹ́, ìyẹn ti gbà yín lọ́wọ́ lílà. Òun kan náà ni wọ́n fi ń bọ Ọ̀ṣun ní Kúbà, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀ṣun níbẹ̀ ni kì í jẹ ẹ́, ẹ béèrè tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e fún àlejò tó wá láti ibẹ̀. Omi inú ẹ̀ pọ̀ ju ti kabocha lọ, ẹ jẹ́ kí oven dé 425.

Spaghetti squash ńkọ́? Òun náà wà níbẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, tó bá jinná inú ẹ̀ á tú bí okùn. Ẹni tó fẹ́ dín ìyẹ̀fun kù lè fi jẹ ọbẹ̀ ata dípò pásítà, ṣùgbọ́n kò dùn, omi sì pọ̀ nínú ẹ̀, mi ò kà á kún ohun tá a lè yan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yan án, èyí yòówù kẹ́ ẹ mú

Ohun tó ń ba elégédé yíyan jẹ́ jù ni kíkó o jọ lórí ara wọn. Tó bá fún pọ̀ lórí tíréè, omi tó ń jáde lára ẹ̀ á di ooru, á bọ̀ dípò kó pọ́n. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn, tí tíréè kan ò bá gbà á ẹ lo méjì. Ẹ jẹ́ kí oven gbóná tán kó tó wọlé. Ṣíbí ọbẹ̀ méjì òróró tó fún elégédé pọ́n-ùn méjì, òróró yìí náà ló ń jẹ́ kí ara rí ohun tó ń ṣe ojú lóore nínú àwọ̀ ọsàn yẹn gbà.

Iyọ̀, ata gígún àti taìmù ló tó látìbẹ̀rẹ̀. Oyin tàbí maple syrup, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn ni kẹ́ ẹ tó fi sí i, ṣúgà máa ń jó. Èmi máa ń wọ́n yájì sí i, ìyẹn ata sùyà, ó bá adùn ẹ̀ mu gan-an, ó sì máa ń ya àwọn òyìnbó lẹ́nu, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú oven ni o, torí ẹ̀pà inú ẹ̀ máa jó, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àlejò bóyá ẹ̀pà ń ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Tẹ́ ẹ bá yan án sílẹ̀ lánàá, inú oven ni kẹ́ ẹ ti gbóná ẹ̀, 400°F, ìṣẹ́jú 10 sí 15, máíkírówéèfù á sọ ọ́ di rọ̀bọ̀rọ̀bọ̀.

Ẹ má da hóró nù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, òróró díẹ̀, iyọ̀, 300°F títí á fi máa dún nínú eyín, ó máa ń gbà tó bí ogún ìṣẹ́jú.

Ìkìlọ̀ kan tí mi ò ní fò: tẹ́ ẹ bá tọ́ elégédé wò tó korò, ẹ tutọ́ ẹ̀ dà nù, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù, ẹ má sọ pé owó lẹ fi rà á. Ohun tó ń jẹ́ cucurbitacin ló ń mú un korò, ó ń fa inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, sísè ò sì ń pa á. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí èyí tó hù fúnra ẹ̀ nínú ọgbà tàbí tí wọ́n gbin hóró ẹ̀ lẹ́yìn tí irú ẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ti àwọn elégédé ọ̀ṣọ́. Àwọn kékeré aláràbarà tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ iwájú ilé yẹn kì í ṣe jíjẹ.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dé alẹ́, tàbí tó ní oven kan ṣoṣo lọ́jọ́ ọdún, kó mú delicata, kó má ronú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó bá sì rí Honeynut kó mú un. Ẹni tó ń se fún èrò, tó ń ṣọ́ owó, tó sì fẹ́ rà á sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, butternut ni tiẹ̀, kó sì bó o, kó gé e lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó tọ́jú ẹ̀ sí fíríìjì nínú ike tó lérí. Ẹni tó fẹ́ kí tábìlì òun rẹwà, tí àlejò ẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ, kó mú acorn, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ kíákíá. Ẹni tí kì í jẹ ẹran tó fẹ́ kí elégédé náà yó òun gan-an, kabocha tàbí Crown Prince ni.

Tó bá jẹ́ pé màmá tàbí bàbá àgbà kan tí oríkèé ń dùn ló fẹ́ dáná fúnra wọn, kì í ṣe odindi kabocha la máa gbé lé wọn lọ́wọ́. Ẹ ra butternut tí wọ́n ti gé sínú ike fún wọn tàbí ègé calabaza, owó tó fi lé díẹ̀ yẹn tọ́ sí wọn.